Ilé ìwòsàn tó gba ìyàwó mi là, tó tún fi dírípù mẹ́fà kún owó mi

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn yìí. Ẹjọ́ kan wà láàárín èmi àti akáǹtáǹtì wọn lórí owó dírípù mẹ́fà, ẹjọ́ ọ̀hún kò sì tíì parí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ti aládàáni ni, Ìbàdàn ló wà, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sóòrùn. Ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún wa ni mo fẹ́ sọ, èyí tó dáa àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó, nítorí àìsàn tó gbé wa débẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́. Páńkíríásì ni wọ́n ń pe ẹ̀yà ara tó wú. Kó tó di ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ yẹn létí mi, màá rò pé àdúgbò kan ní Èkó ni.

Telọ ni mí, ní Òkè-Àdó. Bí nǹkan bá ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n wọ̀n ọ́n, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ló wà lápò mi lọ́jọ́ tí a wọlé, òun náà ni mo fi ṣọ́ ìyàwó mi fún odidi ọjọ́ méje. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi máa pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi. Ẹ fara dà á.

Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àyọ̀ ti ibi ìsìnkú kan dé, ó bọ́ gèlè, ó jókòó, ó ní inú ń run òun. Mo ní kó mu omi gbígbóná. Nígbà tó fi máa di agogo mọ́kànlá, kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbá ìrọ̀rí mọ́ra, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń gbàdúrà, torí ó ní bí òun bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ìrora náà á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde. Ìsàlẹ̀ ibi tí egungun àyà parí sí gan-an ló ti ń gún un. Ó bì títí tó fi jẹ́ pé omi òróòro nìkan ló ń bọ̀. Inú rírun tí mo mọ̀, bí èèyàn bá ti bì, ara á fúyẹ́ díẹ̀. Èyí kò fúyẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni ní kẹ́míìsì. Wọ́n fún un ní oògùn funfun kan tó dà bí ẹfun tí wọ́n pò mọ́ omi, wọ́n fi ti ibà kún un. Ìyá ìyàwó mi gbé àgbo dé lọ́sàn-án. Àgbo náà kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún nínú kó tó padà síta. Lálẹ́, a lọ sí kílíníìkì kékeré kan nítòsí ilé. Wọ́n yẹ ibà wò, wọ́n sì rí ibà (ibo ni wọn kì í ti í rí ibà?). Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ ní òun kò ní gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora tó lágbára, pé yóò bo àìsàn mọ́lẹ̀. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà. Dókítà tó padà tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé kò sídìí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ máa joró kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ajé, a dé ilé ìwòsàn tí mo ń wí. Ẹni tó kọ́kọ́ kí wa níbẹ̀ ni ọmọ tó ń gbowó. Owó àsansílẹ̀, ₦300,000, kí wọ́n tó gbé bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ìyàwó mi ń tẹ̀ba lórí bẹ́ǹṣì, ó di ògiri mú, ọmọ yìí sì ń wá páìrò tí yóò fi kọ rìsíìtì. Owó aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú àkáǹtì mi. Mo fi í san án. Bí wọ́n bá ní kí n fi ìràwọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà nínú márùn-ún, mi ò ní fi ẹyọ kan sí i.

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ sílípáàsì rọ́bà. Mo rò pé ọmọ ẹnìkan tó wá gbé oúnjẹ fún aláìsàn ni. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ní, “Màmi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ó ń yọ sẹ́yìn?” Ìyàwó mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. “Ṣé ara ń rọ̀ yín díẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ síwájú?” Ó tún mi orí. “Ṣé ẹ máa ń mu ọtí?”

Ìyá Àyọ̀, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti àná, gbé orí sókè. “Èmi? Ọtí?” Ó yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo lọ sọ ọ́. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni.

“Ẹ má bínú, mà. Gbogbo ènìyàn la máa ń bi. Ọtí àti òkúta inú òróòro ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.”

Ó ní ẹ̀rí mẹ́ta ni àwọn ń wá: irú ìrora tó ń jẹ ẹ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ tí ohun tí wọ́n ń pè ní lipase ti fi ìlọ́po mẹ́ta ga ju ibi tó yẹ kó mọ, àti àwòrán inú. Bí méjì bá ti pé, ẹjọ́ ti dá. Ọ̀kan ti wà lọ́wọ́ wa. Èsì ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́yìn agogo mẹ́jọ. Ìwé náà ní kó má kọjá 60. Ti ìyàwó mi jẹ́ 1,240. Mo gbá orí mú. Ó rí mi, ó ní, “Sà, ẹ má wo gíga ẹ̀. Ohun tó ń ṣe wọ́n ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ bó ṣe le tó. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 400 lè wà nínú ewu ju màmá lọ.”

Nǹkan mẹ́rin mìíràn ni wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbà á sí: ara gbígbóná tó kọjá 38, ọkàn tó ń lù ju ìgbà 90 lọ ní ìṣẹ́jú kan, èémí tó ju 20 lọ, àti sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ju 12,000 lọ. Bí méjì bá ti pé, gbogbo ara ti wọ ìjà nìyẹn. Ti ìyàwó mi pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 38.4, 118, 26, 15,800. Mo kọ wọ́n sí ojú ewé tó ṣí, níbi tí mo ti kọ ìwọ̀n bùbá ìyá kan láti Mọ́lété sí. Ojú ewé yẹn ṣì ń bọ̀ wá ṣe mí ní nǹkan.

Mo ní kó ṣàlàyé àìsàn náà fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, tòun ti pé àwọn tó ń dúró dè é pọ̀. Páńkíríásì sùn sẹ́yìn àpòlúkù, kò gùn ju ọwọ́ èèyàn lọ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Òun ló ń ṣe ínsúlíìnì tí àwọn onítọ̀ọ̀gbẹ ń gún, òun náà ló sì ń ṣe omi tó ń lọ oúnjẹ nínú ìfun. Omi náà máa ń sùn bó bá ṣì wà nílé. Inú ìfun ló ti ń jí. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà ni omi yìí àti òróòro jọ ń gbà bọ́ sínú ìfun. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá yọ́ jáde láti inú àpò òróòro tó sì lọ há sẹ́nu ọ̀nà yẹn, omi á jí mọ́lé. Ohun tó yẹ kó lọ ẹran tí a jẹ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹran ara ẹni. Mo lanu. Ó ní láti ọdún 1896 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Hans Chiari ti sọ pé ẹ̀yà ara yìí lè jẹ ara rẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ mí lára jù, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́dún 2016, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Ibi tó jó kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Ṣùgbọ́n èéfín jáde, ará àdúgbò rí èéfín, kálukú gbé korobá omi dé. Kí wọ́n tó pa iná tí kò tó nǹkan yẹn, wọ́n ti rẹ léèsì oníléèsì mọ́kànlá, wọ́n ti da omi sínú mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Iná kò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Mo sọ èyí fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Páńkíríásì tó ń jó á ké sí àwọn ọmọ ogun ara, á da ìránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ yìí kò sì ní dúró sí ikùn. Wọ́n á dé ibi gbogbo. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ á máa jò, omi tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á máa ṣe sínú ikùn àti àyà, ẹ̀jẹ̀ á ki, òùngbẹ á máa gbẹ kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró á máa kún. Ẹni tí àìsàn yìí bá pa láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn tó wá pa iná ló sábà máa ń pa á.

Ó fi kún un pé nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni tiwọn kì í le débẹ̀, wọ́n á ti máa gbádùn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹni tí ìjà yẹn kò bá rọlẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 48 ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani.

Mo wá bi í léèrè pé oògùn wo ló ń pa ìjà náà. Ó ní kò sí.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ: wọ́n ti dán oríṣiríṣi wò, kò tíì sí èyí tó jẹ́. Dírípù, oògùn ìrora, oúnjẹ, àti ojú tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ohun tí mo san ₦300,000 lé nìyẹn. Ojú. Torí náà ojú yẹn ni mo wá ń wọ̀n.

Ojú wọn là, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà lóru, Màmá ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Wọ́n ti fi rọ́bà sí ìyàwó mi lára tí ìtọ̀ ń gbà sínú àpò kan tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ̀n ìyàwó mi jẹ́ kílò 82 (ó ní kí n má sọ ọ́, mo ti sọ ọ́), ìtọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó mílílítà 41 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbà pé kíndìnrín ń mu omi yó. Màmá kì í fojú díwọ̀n. Wákàtí kọ̀ọ̀kan, á tan tọ́ọ̀ṣì, á fi orúnkún rẹ̀ tó ń dún kúnlẹ̀, á gbé ojú rẹ̀ sí déédéé ìlà ara àpò náà, bí èmi náà ṣe máa ń gbé ojú sí téèpù, nítorí bí èèyàn bá ti òkè wò ó, irọ́ ni yóò kà. Á sọ nọ́ńbà náà sókè, èmi náà á kọ ọ́. Ní agogo méjì òru ọjọ́ kejì, ó ní 28. Kò dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ó lọ jí dókítà, dókítà gbé etí sí àyà ìyàwó mi bóyá omi ti wà níbẹ̀, ó wo ohun kékeré tí wọ́n há mọ́ ọn ní ìka láti fi wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, 94 ni, ó wá ní kí wọ́n ṣí dírípù sí i díẹ̀. Agogo mẹ́ta, 35. Agogo mẹ́rin, 42. Màmá ní, “Ó ti ń gbọ́ràn.” Ìràwọ̀ márùn-ún, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Orí dírípù yìí ni ìjà ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi wà ní Manchester, ó ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, òun sì ni dókítà gbogbo ẹbí wa lórí WhatsApp. Ó ní kí wọ́n da omi sí i lára, kí wọ́n dà á gan-an, pé omi tí wọ́n ń fún ẹ̀gbọ́n òun kéré. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fa nǹkan bí mílílítà 800 sí i lára ní wákàtí méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n mú un wá sí 120 ní wákàtí kan. Omi dírípù tí wọ́n ń pè ní Ringer's ni, kì í ṣe omi iyọ̀ lásán. Mo gbé fóònù fún dókítà kí àwọn méjèèjì sọ ọ́. Kò bínú. Ó ní, “Bọ̀dá, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2022, èèyàn 249. Àwọn tí wọ́n da omi púpọ̀ sí lára, nǹkan bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni omi náà pọ̀ jù fún. Àwọn tí wọ́n rọra fún, mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Àìsàn ọ̀hún kò sì tìtorí omi púpọ̀ fúyẹ́ sí i. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró láìtíì tó àkókò.” Bọ̀dá Manchester dákẹ́, ó wá ní kí ló dé tí wọn kò fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò. Dókítà ní kò tíì sí kòkòrò níbẹ̀. Ibi tó jó ni, kì í ṣe ibi tó kẹ̀. Bó bá kẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, tàbí tí ọ̀nà òróòro bá ní àrùn, wọ́n á fún un. Èmi tí mo ti ra àpò oògùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní kẹ́míìsì wá ń fọgbọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Omi tí kò kéré tí kò sì pọ̀. Mo ronú kan omi korobá ọdún 2016, mi ò bá a jiyàn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ mí. Òru ọjọ́ Ajé, ìrora tún gbé e. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ fún un ti tó àkókò, ṣùgbọ́n ó ti tán ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí n lọ sanwó nísàlẹ̀ kí n mú rìsíìtì wá kí wọ́n tó ṣí ilé oògùn. Agogo kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo débẹ̀. Ọmọ tó ń gbowó ti sùn. Mo kan fèrèsé. Mo tún kàn án. Ó jí, ó ní nẹ́tíwọ̀kì POS ti lọ, pé ṣé mi ò ní owó lọ́wọ́. Owó tó wà lápò mi kù ₦700. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ mọ́ mi lọ́rùn, ₦300,000 mi ṣáà wà lọ́wọ́ wọn, ó ní ìyẹn kì í ṣe owó oògùn, owó àsansílẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n wá ń pè ní àsansílẹ̀? Agogo mẹ́ta kọjá kí nẹ́tíwọ̀kì tó dé. Gbogbo àkókò yẹn, ìyàwó mi wà lókè, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bu ìrọ̀rí jẹ. Ẹni tí ilé ìwòsàn yìí gbà síṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù mọ̀ pé ìrora kì í dúró de rìsíìtì; ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbi owó kò mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnìkan ti ọ́fíìsì wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù CT, pé ká lọ ya inú rẹ̀ níta, iye tó sì dá lé e lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i. Ní tèmi, àwòrán ńlá, ìwòsàn ńlá. Dókítà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi. Ó ní ìrora àti ẹ̀jẹ̀ ti fi ohun tó ń ṣe é hàn, pé bí a bá tiẹ̀ yà á lónìí, bí ibì kan bá ti ń kú lára páńkíríásì náà, ó lè má tíì hàn, torí ó máa ń tó ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin kó tó hàn dáadáa. “Bí ara wọn kò bá lélẹ̀, a óò yà á nígbà yẹn.” Síkáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún nìkan ni wọ́n ṣe. Ẹni tó ṣe é kò rí páńkíríásì rárá, afẹ́fẹ́ inú ìfun bò ó, ṣùgbọ́n ó rí òkúta nínú àpò òróòro, wẹ́wẹ́, bí hóró ọkà bàbà. Mo ní ọpẹ́ ni pé wọn kò tóbi. Ó ní ìwọ̀nyí gan-an ló léwu fún páńkíríásì, ńlá kì í lè yọ́ jáde. Èyí tó há ti kọjá lọ fúnra rẹ̀. Ojú ìyàwó mi kò pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ kò pọ́n.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ dà bí eré. Wọ́n ti lẹ bébà mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé pé kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà ní bí ebi bá ti ń pa á, kó jẹun, pé èrò àtijọ́ ni pé kí páńkíríásì sinmi. Ìfun tí kò rí oúnjẹ ni kòkòrò máa ń rí àyè jò gbà. Mo sáré lọ ra ògì, mo pò ó láìsí mílíìkì. Ìyàwó mi ti bu ṣíbí kẹta nígbà tí nọ́ọ̀sì ọ̀sán, tó rí bébà tí kò sì tíì rí dókítà, wá gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà á nù. Lójú wa. Wọ́n yanjú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n já bébà náà, ilé ìdáná wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ilé ìdáná gbé fún ẹni tí páńkíríásì rẹ̀ wú, tí dókítà ní kó má jẹ ọ̀rá: dòdò, àti ọbẹ̀ ata tí òróró léfòó lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Láti ìgbà yẹn, ìyá ìyàwó mi ló ń gbé ẹ̀kọ àti ẹja bíbọ̀ wá láti ilé.

Wákàtí 48 pé ní ìdájí Ọjọ́rú. Mi ò sùn. Ara 37.3, ọkàn 88, èémí 18. Wọ́n tún yẹ ohun kan wò nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRP, tó máa ń ga bí wíwú bá ṣe pọ̀ tó. Dókítà ní bó bá kọjá 150 ní àsìkò yẹn òun á fọkàn sí i gidigidi. Tirẹ̀ jẹ́ 112. Ìyàwó mi dùbúlẹ̀ gbalaja, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń hanrun. Láti alẹ́ Àbámẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa kan bẹ́ẹ̀dì.

Mo rò pé ó ti parí. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọ́fíìsì tiẹ̀ ti kọ ìwé ìjáde. Dókítà kọ̀. Ó ní òkúta tó kù ṣì wà níbẹ̀, pé ẹni tó bá kó o lọ sílé ń kó àdó olóró lọ sílé ni. Ó sọ ti ìwádìí kan láti ilẹ̀ Netherlands lọ́dún 2015: àwọn tí wọ́n yọ àpò òróòro wọn kí wọ́n tó kúrò nílé ìwòsàn, 5 nínú 100 péré ni òkúta tún dà láàmú láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ sílé kí wọ́n padà wá lẹ́yìn bí oṣù kan, 17. Dókítà oníṣẹ́ abẹ máa ń wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ihò kékeré mẹ́rin ni wọ́n dá sí i níkùn, kò sí ibi tó gùn tó ihò bọ́tìnnì agbádá. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan láti fi san án. Ọjọ́ Àìkú la padà sílé. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí kì í bá ṣe ti ọmọbìnrin yẹn, ọ́fíìsì ì bá ti fi ọ̀yàyà sìn wá dé ẹnu géètì ní Ọjọ́bọ̀.

Ó di ọ̀rọ̀ owó. Nínú ìwé mi, aago tí wọ́n gbé dírípù kọ̀ọ̀kan kọ́ wà níbẹ̀: méje lọ́jọ́ Ajé, mẹ́rin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, méjì ní Ọjọ́rú, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 13. Ìwé owó wọn ní 19, ₦3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦18,000 ni wọ́n fi lé e. Wọ́n ní kí n gbàgbé rẹ̀, pé kí n máa dúpẹ́ pé ìyàwó mi yè. Mo ń dúpẹ́. Ẹni tó ra yáàdì 13 kì í sanwó 19, bó ti wù kí aṣọ náà wọ̀ ọ́ tó.

Bí ẹnìkan bá bi mí bóyá kó gbé èèyàn rẹ̀ lọ síbẹ̀, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ dókítà àti Màmá tí mo bá pàdé ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Kó mú owó dání lọ́wọ́, kó má gbọ́kàn lé POS. Kó gbé oúnjẹ láti ilé. Kó mú ìwé kan dání. Ìyàwó mi ń jẹ àmàlà báyìí, ewédú àti ẹja, òróró díẹ̀, ó sì ní kí n rí i dájú pé mo kọ ọ́ síbí pé òun kì í mu ọtí.

Mo gbé ìwé ìwọ̀n mi lọ bá akáǹtáǹtì lọ́sẹ̀ tó kọjá kó fi wé ti àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ṣí i, ó kà á, ó bi mí pé kí ni “àyà 46, ejìká 16, ìtọ̀ 28, 35, 42”. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú ewé yẹn náà ni ọmọ iṣẹ́ mi wò nígbà tí mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì fi ìtọ̀ agogo mẹ́rin òru gé àyà bùbá ìyá Mọ́lété. Yáàdì méjì léèsì ni mo jẹ wọ́n. Bí ₦18,000 náà bá jáde, òun ni màá fi rà á.